Ìwé, Ìpàdé àti Àpótí Ìbò: Bí Ará Ọjà Ṣe Ń Ṣọ́ Ìlú

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n máa já owó gbà lọ́wọ́ òun lẹ́nu ìsọ̀, tí kò fẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ bàbá òun mọ́ òun lẹ́yìn, tó sì fẹ́ fi ẹ̀sìn àti ẹ̀kọ́ ilé tọ́ ọmọ òun, kò gbọdọ̀ fi òṣèlú sílẹ̀ fún àwọn tó ń jẹun nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe títì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé àdúgbò ni, láàárọ̀ Sátidé, lórí àga oníke tí ẹsẹ̀ kan ti sán.

Ẹja ni mo ń tà ní Ọjà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́: àrọ̀, ẹ̀pìyà, ọ̀bọ̀kún, tútù àti gbígbẹ. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lọ́jà, èmi náà ni akọ̀wé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó lè kọ̀wé kó já gaara, tí kò sì ní fi ìwé náà wé ẹja, ojú mi ni gbogbo wọn ń wò.

Ará àtijọ́ ni àwọn ọmọ mi ń pè mí, mo sì gba orúkọ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ kò pọ̀. Kí ìjọba gba ìwọ̀nba owó, kó ṣe ìwọ̀nba iṣẹ́, kó sì ṣe é dáadáa. Kí ẹbí, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ ọjà máa ṣe èyí tó kù. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ohun tí àwọn àgbà fi lélẹ̀ láìkọ́kọ́ bèèrè ìdí tí wọ́n fi fi lélẹ̀. Ní 1912, nígbà tí ìgbìmọ̀ òyìnbó kan ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Elési ti Odògbolú sọ fún wọn pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àwọn tí a ò tíì bí kò sì lóǹkà. Odògbolú kò jìnnà sí wa. Ọkùnrin kan ní ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edmund Burke, ti sọ ohun tó jọ ọ́ ní 1790, pé alààyè, òkú àti ọmọ tí a kò tíì bí ni wọ́n jọ ni ìlú pọ̀. Ẹni tó bá ń ro báyìí ni mò ń kọ̀wé sí. Ẹni tó ń ro òdìkejì náà lè kà á, nítorí iṣẹ́ tí mo fẹ́ júwe yìí, ẹgbẹ́ yòówù lè ṣe é. Ó kàn dùn mí pé àwọn tó yẹ kó máa ṣe é jù, àwa tí a ní a fẹ́ràn àṣà, ni a máa ń jókòó sílé.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan, kó sì kéré

Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń wá bá mi, “ìjọba rere” ni wọ́n ń fẹ́. Ta ni ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà sí nípa ìyẹn? Ẹ mú ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn: gọ́tà tó dí lẹ́yìn ìsọ̀ ẹlẹ́ja, ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wó, tíkẹ́ẹ̀tì kejì tí ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí ń já fún wa lẹ́yìn tí a ti san ti káńsù. Ohun tí ẹ bá lè ya fọ́tò ẹ̀, ẹ lè bá ẹnikẹ́ni fà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí ta ló ni ín. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń kú. Ẹ wá Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, kò gùn rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ilé ìgbẹ́ gbogboogbò, itẹ́ òkú, gọ́tà, iná àdúgbò, ìdọ̀tí kíkó, ìwé ìbí àti ìwé ikú, ìwé àṣẹ fún kẹ̀kẹ́, ọmọlanke àti ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ. Nígbà tí mo ka ti ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ fún àwọn apẹja wa, wọ́n rò pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ti ṣe ẹ̀dà ẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀ mi lókè òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá wá gba owó, màá ní kó fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ tiẹ̀ sí. Àwọn kan máa ń wò ó, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá lọ sí ìsọ̀ kejì. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kí gbogbo ìsọ̀ ní tiẹ̀.

Ní agbègbè wa, ẹ rántí pé káńsù kì í ṣe ẹyọ kan. Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ wà, Erédò wà, Ìkòsì-Ejìnrìn wà. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí wà lára LCDA, ìyẹn káńsù ìdàgbàsókè, mẹ́tàdínlógójì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2003. Lẹ́tà nípa gọ́tà Ejìnrìn tó bá ṣìnà lọ sí Ẹ̀pẹ́, inú dúrọ́ọ̀ ni yóò sùn sí. Títì ńlá tó sì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀, ẹ má lọ yọ alága káńsù lẹ́nu nítorí ẹ̀. Yóò kàn bá yín kẹ́dùn ni.

Kí ẹgbẹ́ ti wà kí ọ̀rọ̀ tó dé

Ẹni tí mo fi ń ṣe àwòkọ́ṣe ni Alímọ́tù Pẹlẹ́wùrà. Ẹlẹ́ja ni bíi tèmi, olórí Ọjà Eréko, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà ní Èkó. Kò lọ sílé-ìwé. Ní bíi 1935 sí 1936, nígbà tí ìjọba fẹ́ kó Ọjà Eréko lọ sí Olúwolé, àwọn obìnrin ní àwọn ò lọ. Wọ́n ti Pẹlẹ́wùrà àti àwọn mìíràn mọ́lé nítorí ẹ̀, síbẹ̀ ọjà kò kúrò.

Ní 1940, ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, ìjọba òyìnbó ní obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ gbọ́dọ̀ san owó-orí. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn ìyá ọjà rọ́ lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà Kólónì pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sọ ni pé obìnrin kò ní ìbò, kí ló wá dé tí yóò fi san owó-orí? Ìjọba gbé iye náà lọ sí £200. Ìyá ọjà mélòó ló ń rí £200 lọ́dún nígbà náà?

Kò tán síbẹ̀. Láàárín ogun náà, wọ́n fi òyìnbó kan, Captain Pullen, ṣe alákòóso oúnjẹ ní Èkó. Ó fi iye lé gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn, ó ní a kò gbọdọ̀ tà á jù bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti tajà rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọjà tí iye tí ìjọba fi lé e kò tó owó tí wọ́n fi kó o láti oko: oúnjẹ sá kúrò lójú ọjà, ó wọ ìyẹ̀wù, ó wá gbówó lórí jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n fi £100 lóṣooṣù lọ Pẹlẹ́wùrà kó lè bá wọn pàrọwà fún àwọn obìnrin. Ó kọ̀ ọ́. Ní 1945, ètò náà kógbá wọlé. Lóòótọ́, èmi kò mọ iye obìnrin lónìí tó lè kọ ohun tó tó £100 ìgbà yẹn, èmi alára kò fẹ́ kí wọ́n dán mi wò.

Ohun tó yẹ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ yẹn ti wà kí owó-orí tó dé. Ọjà kọ̀ọ̀kan ti ní olórí, àwọn tó ń ta ohun kan náà ti mọ ara wọn, wọ́n ti ń dáwó, wọ́n ti jọ ń ṣe ìsìnkú àti ìkómọ. Ìjọba kò bá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹ má dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tuntun, aṣọ ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ ń rà, lẹ́yìn náà ni ìjà ààrẹ. Ẹ wọ inú èyí tó ti wà: CDA àdúgbò yín, ẹgbẹ́ ọjà, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ bá ń dùn, tí kò fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ẹ̀ tàbí tó fẹ́ kí wọ́n máa fi Yorùbá kọ́ wọn, ìpàdé òbí ni ibi tó ti ń sọ ọ́, lójú ọ̀gá ilé-ìwé, kì í ṣe lórí WhatsApp ní òru.

Tí ẹ bá dé CDA, ẹ jókòó, ẹ san owó yín, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní àkọ́kọ́. Àwọn bàbá onílé máa ń fẹ́ mọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Tí wọ́n bá wá ń pín ipò, gbogbo ènìyàn á máa du alága. Ẹ ní ẹ ó ṣe akọ̀wé. Kò sẹ́ni tó ń du ipò yẹn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ akọ̀wé ni ohun tí ìpàdé sọ wà. Ìwé onípáálí líle ni mo ń lò. Déètì lókè, orúkọ ẹni tó wá, ohun tí a fẹnu kò sí, ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tí yóò fi jábọ̀. Mi ò kì í kọ èébú. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, màá kà á sókè, wọ́n á tún un ṣe, alága á fọwọ́ sí i. Láti ìgbà tí mo ti ń ka orúkọ ẹni tó ṣèlérí sókè lójú gbogbo ayé, ìlérí ti dínkù, iṣẹ́ sì ti pọ̀ sí i.

Ìjà ilé ńkọ́? Yóò wà. Àwa níbí, a ní Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, a ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, a tún ní àwọn àlejò tó ń ra ilẹ̀ láti ibi gbogbo. Nígbà tí wọ́n bá ń fà á, ìtàn bí Èkó-Ẹ̀pẹ́ ṣe dé ibí ni mo máa ń rán wọn létí. Akítóyè àti Kòsọ́kọ́ ń du oyè Èkó. Akítóyè wà ní Àgbádárìgì, ó ké pe àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejìlá 1851, wọ́n fi àgbá lé Kòsọ́kọ́ kúrò, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Akítóyè gba oyè padà lóòótọ́. Ní oṣù Kẹjọ 1861, kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbè é lẹ́yìn mú Dòsùnmú, ọmọ ẹ̀, fọwọ́ sí ìwé, Èkó sì di tiwọn. Nítorí náà, àdúgbò tó bá ń jà kó parí ẹ̀ nínú ilé, níwájú ọba tàbí báálẹ̀, kó tó gbé ìwé lọ síta. Ẹ má pe olóṣèlú wá ṣe alárinà.

Lẹ́tà tí wọn kò lè sọ pé àwọn ò rí

Lẹ́tà ojú ewé kan ni. Ìlà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ ohun tí ẹ ń fẹ́: “A fẹ́ kí ẹ kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà ẹ̀yìn ìlà àwọn ẹlẹ́ja kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.” Kí ìkíni má gba ìdajì ìwé, a mọ̀ pé ọmọlúàbí ni yín. Lẹ́yìn èyí, ìgbà tó ti ń ṣẹlẹ̀ àti ohun tó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí, ibi tí òfin ti ní iṣẹ́ wọn ni. Ní ìparí, ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì àti orúkọ ẹni méjì tí wọ́n lè pè. Ẹ so fọ́tò mọ́ ọn. Kí àwọn tó bá fọwọ́ sí i kọ orúkọ àti nọ́mbà ìsọ̀ tàbí ojúlé wọn; ẹni tí kò mọ̀wé kó tẹ ìka, kó má sì sí ẹni tó ń tẹ ìka fún ẹlòmíràn. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n fẹ́ yọ sẹ́nétọ̀ Dino Melaye nípò ní ìwọ̀-oòrùn Kogí ní 2018. Ìwé òfin ní ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lọ. Wọ́n kó orúkọ tó pé sínú ìwé. Nígbà tí INEC ní kí àwọn tó ni orúkọ náà wá jẹ́rìí sí i, nǹkan bíi márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ni wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Ogún orúkọ tí yóò dìde tí wọ́n bá pè é dára ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá tí kò sí níbì kankan.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ̀dà kan fún wọn, wọ́n á fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà kejì, wọ́n á kọ déètì sí i, ẹ ó gbé e padà sílé. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ kò kọ ọ́. Wọ́n lè ní ẹni tó ni òǹtẹ̀ ti lọ kírun. Ẹ jókòó. Wọ́n lè ní yíǹkì ti gbẹ. Ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, ìyá àgbà tó tẹ̀lé wa bá yọ páàdì yíǹkì tí wọ́n fi ń tẹ̀ka ní ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù látinú báàgì ẹ̀. Wọ́n lù ú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí ẹni mẹ́ta lọ: ẹnì kan tó mọ ìwé, ẹnì kan tí àwọn ará ọ́fíìsì mọ̀, àti ìyá àgbà kan. Kò sí akọ̀wé káńsù tó lè lé ìyá àgbà síta kó sùn dáadáa.

Tó bá jẹ́ ìwé lẹ ń bèèrè, bí àpẹẹrẹ iye tí wọ́n gbé iṣẹ́ gọ́tà jáde àti ẹni tí wọ́n gbé e fún, ẹ lo òfin 2011 tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba. Òfin náà kò ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń bèèrè, ó sì fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ẹ kọ orúkọ òfin náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà: Freedom of Information Act, 2011. Ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rọ̀ tí wọ́n bá rí i.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yàtọ̀

Ní Ẹ̀pẹ́ lónìí, ilẹ̀ lọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ẹbí tí kò ní ìwé ń sùn lórí ohun tí ẹlòmíràn lè gbà. Ẹ gba sọ̀fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kó wọn ilẹ̀ ẹbí, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa bóyá ó bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti gbà. Tí abúlé yín bá ní excision, ìyẹn ibi tí ìjọba yọ sílẹ̀ fún ọmọ onílùú, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ bèèrè gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba, ẹ wo orúkọ abúlé àti ìwọ̀n hẹ́kítà tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Nínú ẹbí fúnra rẹ̀, ẹ kọ orúkọ olórí ẹbí àti àwọn olórí ojúlé sílẹ̀ ní ìpàdé, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ tí kóòtù ń tẹ̀lé, ilẹ̀ ẹbí tí ẹnì kan tà láìsí olórí ẹbí, òtúbáńtẹ́ ni. Èyí tí olórí ẹbí tà láìbá àwọn àgbà ẹbí sọ ọ́, kóòtù lè fagi lé e tí wọ́n bá tètè pariwo. Tètè ni mo sọ. Ẹ má dúró títí wọ́n á fi kọ́lé tán.

Ẹni tó bá sì rò pé kóòtù kò wúlò fún àwọn bíi tiwa, kó gbọ́ ti Olóyè Olúwa, Amodu Tijani. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, wọ́n ní kì í ṣe tiẹ̀ débi tí àwọn ó fi san owó gidi. Ó gbé ẹjọ́ náà títí dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre pé ará ìlú ló ni ilẹ̀ bí àṣà ṣe sọ ọ́, owó tó wá gbà jẹ́ £22,500. Ti Ẹléko Èṣùgbàyí, ọba Èkó, náà wà ńbẹ̀: wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925, ẹjọ́ ọ̀hún tún dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì sọ níbẹ̀ ní 1931 pé aláṣẹ kankan kò lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí dúkìá ènìyàn àfi tó bá lè fi òfin tó gbé e lẹ́sẹ̀ hàn níwájú adájọ́. Ọba padà sí Èkó lọ́dún yẹn. Àṣà ni wọ́n ń gbèjà, ìwé òyìnbó ni wọ́n fi gbèjà ẹ̀.

Àwọn tó lo iná

Àwọn ọmọ kan máa ń ní lẹ́tà ti pọ̀ jù, kí a kúkú sun nǹkan. Ìlú tó ti sun nǹkan rí wà nítòsí. Ní 1965, lẹ́yìn ìbò Ìwọ̀-Oòrùn tí ọ̀pọ̀ gbà pé wọ́n yí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ́tì ilé àti ènìyàn. Ní oṣù Kìíní 1966, àwọn sójà gba ìjọba, ilé aṣòfin sì wà ní títì títí di 1979. Wẹ́tìẹ̀ nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ìbò tí wọ́n ń bínú sí, wọn ò wá rí i dì mọ́ fún ọdún mẹ́tàlá.

Ti Àgbẹ́kọ̀yà le díẹ̀ láti dá lẹ́jọ́, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé ó rọrùn. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn ní òkè mẹ́fà péré, ìyẹn ṣílè ọgbọ̀n, ni àwọn ó san fún owó-orí. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Tafa Adéoyè àti àwọn ènìyàn ẹ̀ jà, wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi, Awólọ́wọ̀ fúnra ẹ̀ ló lọ bá wọn sọ̀rọ̀, owó-orí sì wálẹ̀ sí £2. Wọ́n borí, a kò lè jiyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye àgbẹ̀ àti ọlọ́pàá tó kú kí ẹ tó dé orí £2 yẹn, kí ẹ sì rántí pé ẹnu ni wọ́n fi parí ẹ̀. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti yọ owó-orí kúrò lọ́rùn ara wọn ní ogún ọdún ṣáájú ìyẹn pẹ̀lú ìwé, orin àti jíjókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará àtijọ́ bíi tèmi mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ní 1972, ilé aṣòfin wọn fọwọ́ sí àtúnṣe òfin kan tí wọ́n pè ní ERA, tó ní kí ẹ̀tọ́ obìnrin àti ọkùnrin dọ́gba lábẹ́ òfin, ìpínlẹ̀ 38 ló sì gbọ́dọ̀ gbà á. Gbogbo ayé rò pé ó ti dòfin. Ìyàwó ilé kan ní Illinois, Phyllis Schlafly, tó rò pé yóò gba ààbò lọ́wọ́ àwọn abiyamọ, fi ìwé ìròyìn kékeré tó ń fi ránṣẹ́ láti ilé ẹ̀ bá a jà. Àwọn obìnrin tó tẹ̀lé e ń yan búrẹ́dì nílé, wọ́n ń gbé e lọ fún àwọn aṣòfin. Nígbà tí gbèdéke pé ní 1982, ìpínlẹ̀ 35 ló gbà á, ó sì kùnà. Mi ò ní kí gbogbo yín gba tiẹ̀ gbọ́. Àwọn ọmọbìnrin mi kò gbà á. Ẹ wo ọdún mẹ́wàá yẹn, ẹ wo búrẹ́dì yẹn. (Ẹ má gbé àrọ̀ lọ fún kánsẹ́lọ̀ o. Níbí, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọn ó pè é, kò sì ní jìnnà sí òótọ́.) Ní California, ní oṣù Kẹfà 1978, owó-orí ilé ti ń lé àwọn arúgbó kúrò nínú ilé wọn. Howard Jarvis àti Paul Gann kó ìwé fún ìfọwọ́sí kiri, wọ́n gbé e lọ síbi ìbò, ará ìlú sì dìbò pé owó náà kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé lọ. Ní Èkó tiwa, 2018 ni wọ́n fi Land Use Charge lé sókè. Àwọn lọ́yà, àwọn onílé àti oníṣòwò kò gbà, kò sì pé tí ìjọba fi gé e kù.

Owó ẹgbẹ́, káàdì ẹgbẹ́, ìwé ìbò

Ti owó kò gùn. Kí owó ìpàdé kéré débi tí alágbàṣe yóò lè san án, kí ẹ sì ka ìṣirò sókè ní gbogbo ìpàdé. Olóṣèlú tó bá gbé ìrẹsì wá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, orúkọ, déètì, iye àpò, kí ẹ pín in ní gbangba. Kí ìrẹsì má sì rọ́pò èsì lẹ́tà.

Ẹ gba káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Mo mọ̀ pé ojú ń ti àwọn ènìyàn dáadáa láti gbà á. Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń yan ẹni tí orúkọ ẹ̀ máa jáde, ní ìpàdé tí ènìyàn díẹ̀ ń wá. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, láàárín àwọn tí ẹlòmíràn ti yàn ló máa mú.

Ìbò káńsù sì ni ẹ kọ́kọ́ máa dì tọkàntọkàn, nítorí òun ló ni gọ́tà. Ní ìbò ààrẹ 2023, àwọn 7,060,195 ló forúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jọ́ ìbò kò tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ohun tó wà láàárín ẹgbẹ́ tó ṣe ìkíní àti èyí tó ṣe ìkejì jẹ́ 9,848. Ẹ fi àwọn tó ń wọ Ọjà Olúwo lọ́jọ́ ọjà wò ó.

Lọ́jọ́ ìbò, ẹ mọ nọ́mbà ibùdó yín ṣáájú. Ẹ tètè lọ, ẹ gbé omi àti àga dání fún àwọn àgbà. Tí ẹ bá dìbò tán, ẹ má sá lọ sílé. Nígbà tí wọ́n bá ń kà á ni iṣẹ́ wà. Ní ìbò tí INEC ń ṣe, ìwé EC8A ni wọ́n ń kọ èsì ibùdó sí. Ẹ dúró kí ọ̀gá ibùdó pe iye náà sókè, kó fọwọ́ sí i, kí wọ́n lẹ ẹ̀dà kan síbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kó hàn ketekete, pẹ̀lú nọ́mbà ibùdó àti òǹtẹ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ má yọ fóònù síta níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka. Kí ẹnì kan tí kì í ṣe olóyè ẹgbẹ́ kankan kó gbogbo fọ́tò àdúgbò jọ kó tó sùn lóru ọjọ́ náà.

Tí wọ́n bá ṣe gọ́tà yín, ẹ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́. Ẹ̀dà méjì, òǹtẹ̀, déètì. Àwọn ènìyàn máa ń fò ó, bẹ́ẹ̀ ó níṣẹ́ tó ń ṣe: alága tuntun yóò dé, yóò ní kì í ṣe káńsù ló ń kó gọ́tà yẹn rí. Ẹ ó fi ìwé ìdúpẹ́ hàn án. Ẹ tọ́jú fáìlì náà sí ibi méjì. Tiwa, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi nínú àpótí tí omi kò lè dé, ìkejì wà lọ́dọ̀ ìmáàmù àdúgbò, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí kò sì ní káàdì ẹnikẹ́ni.